Wáyà Mẹ́ta, Rọ́tà Kan

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ọjọ́ Ajé kò tíì lù, Mùyìbátù ti dìde lórí àga nígbà mẹ́rin.

"Ìyá Muhydeen o! Ìyálé ti tún bínú!" Débọ́lá ló pariwo bẹ́ẹ̀ láti yàrá kejì.

Mùyìbátù gbé ọwọ́ kan lé orúnkún, ó fi èkejì ti tábìlì, ó dìde. Ó ki ẹsẹ̀ bọ ṣálúbàtà, ó wọ́ ara rẹ̀ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá lọ sí kọ̀rọ̀ kan níbi tí àpótí kéékèèké mẹ́ta jókòó sí lórí pákó. Ó fa wáyà yọ lára ọ̀kan, ó kì í bọ òmíràn. Ó dúró. Ó ń kà á sínú, ení, èjì, ẹ̀ta, títí ó fi dé ogún kí iná tín-ń-tín ara àpótí náà tó ṣẹ́jú. Nígbà náà ló gbọ́ tí àwọn èèyàn tó wà ní yàrá kejì mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n mọ ohun tó kàn. Gbogbo ohun tí wọ́n ti tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ti lọ. Wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ bàbá wọn.

Ó padà sórí àga. Kò tíì jókòó tán tí orúnkún ọ̀tún fi ké pó.

Bó ṣe ń rìn nìyẹn fún ọdún mọ́kànlá. Láti orí àga rẹ̀ dé kọ̀rọ̀ yẹn, ìṣísẹ̀ mẹ́rìndínlógún ni. Ọjọ́ tí nǹkan bá dára, á rìn ín lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ọjọ́ tí kò bá dára, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀.

Ìsàlẹ̀-Taba ní Ṣakí ni ọ́fíìsì náà wà, nínú ilé àtijọ́ tí bàbá bàbá rẹ̀ kọ́. Ilé alámọ̀ ni, ògiri rẹ̀ nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ó sì máa ń tutù bí ìdí àmù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kọ̀ǹpútà mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ tó fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ló ń wá síbẹ̀ láti forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, láti Ṣakí fúnra rẹ̀, láti Àgọ́-Àrẹ, láti Òfíkì, tí ẹlòmíràn á gba oko wá tààrà pẹ̀lú erùpẹ̀ lẹ́sẹ̀. Mùyìbátù ló ni ọ́fíìsì. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni. Muhydeen ni àkọ́bí rẹ̀, ó ti lọ síṣẹ́ ní Ìlọrin. Débọ́lá ni igbá-kejì rẹ̀, abilékọ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, tó ti bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà.

Íńtánẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ló ń wọ ilé náà, ó sì nídìí. Ní agbègbè yìí, ẹni tó bá gbára lé ẹyọ kan, ojú rẹ̀ á rí màbo. Èkíní ń ti orí òpó gíga kan wá lẹ́yìn ìlú. Òun ló pẹ́ jù, òun ni Débọ́lá sọ ní Ìyálé. Ìyálé kì í yára, ṣùgbọ́n ó máa ń dúró ti ni, àfi bí epo bá tán nídìí òpó. Èkejì ni àpótí kan tó ń lo síìmù bíi ti fóònù. Ìyàwó lorúkọ tirẹ̀. Ara Ìyàwó yá gágá, àfi lọ́jọ́ ọjà, nígbà tí fóònù ará oko àti ará ìlú bá pàdé, tí gbogbo wọn ń fa nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta ni àwo funfun tó dùbúlẹ̀ sórí páànù, tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ lójú ọ̀run. Àní lójú ọ̀run gan-an o! Débọ́lá pè é ní Arẹwà. Arẹwà yára ju àwọn méjèèjì lọ, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí òjò pa irun òun.

"Ọkọ wọn wá dà?" ni bàbá ọmọ kan bi Débọ́lá lọ́jọ́ kan.

"Ìyá Muhydeen lọkọ wọn. Ẹ ò rí bó ṣe rù ni?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mùyìbátù náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tó délé, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí.

Lọ́sàn-án Ọjọ́ Ajé yìí kan náà ni àtẹ̀jíṣẹ́ tó ti ń bẹ̀rù wọlé sórí fóònù rẹ̀. Àjọ tó ń ṣe ìdánwò ló fi ránṣẹ́. Alábẹ̀wò kan ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Fún wákàtí kan gbáko, kọ̀ǹpútà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá gbọ́dọ̀ wà lórí pótàlì, ìyẹn ojú-ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀. Èyí tó bá já gbọ́dọ̀ padà wọlé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ kan wáyà. Ọ́fíìsì tó bá kùnà, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú àwọn tó lè forúkọ ọmọ sílẹ̀.

Débọ́lá kà á, ó tún un kà. "Ọwọ́ ò gbọdọ̀ kan wáyà ńkọ́? Ṣé wọ́n mọ̀ wá tẹ́lẹ̀ ni?"

Mùyìbátù gbé orí lé tábìlì. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn kò ṣeé sọ síta: bóyá kí wọ́n yọ mí. Bóyá n ó tiẹ̀ rí oorun sùn. Ó ti rẹ̀ ẹ́ dé ibi tí egungun ti ń bá egungun sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó rántí ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Àyọ̀ká, tó ti Òfíkì wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni fọ́ọ̀mù ọmọ náà lọ. Nígbà karùn-ún, tí Mùyìbátù ń bẹ̀ ẹ́, ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kò séwu, mà. Orúkọ bàbá mi ò gùn." Bí wọ́n bá yọ ọ́fíìsì yìí, Ìsẹ́yìn ni irú Àyọ̀ká yóò máa lọ. Ta ni yóò san owó mọ́tò fún un?

Ó gbé orí sókè. "Débọ́lá, n ó lọ sí Ìsẹ́yìn lọ́la. N ó lọ ra rọ́tà."

"Rọ́tà wo? A kúkú ní."

"Èyí tí wáyà mẹ́ta lè wọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa ṣe ìrìn tí mò ń rìn."

Lóòótọ́ irú rẹ̀ wà, ohun ìyanu sì ni! Àpótí tí kò ju ìwé àdúrà lọ, tó ń wo ojú íńtánẹ́ẹ̀tì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì mọ èyí tó kú àti èyí tó wà láàyè kí ọmọ èèyàn tó ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n onírúurú ló wà lọ́jà, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yàn á ru ẹrù ìyà wálé.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó bọ́ sínú mọ́tò akérò. Kòtò ọ̀nà gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbà á lẹ́yìn. Ó sùn lọ kí wọ́n tó dé Kòmú, ó fi orí gbá fèrèsé, ó jí, ó tún sùn. Nígbà tó fi dé ṣọ́ọ̀bù Cornelius ní Ìsẹ́yìn, ńṣe ló dà bíi pé orí iná làwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ wà.

Ẹnjiníà ni wọ́n ń pe Cornelius. Òun ló so àwo mọ́ páànù fún un lọ́dún tó kọjá. Ọmọkùnrin gígùn tínrín ni, tí ojú rẹ̀ máa ń tàn bí ẹni tí wọ́n dárúkọ oúnjẹ fún nígbàkigbà tí wọ́n bá ti dárúkọ rọ́tà.

"Ìyá wa! Ẹ kú ìrìn o. Ẹ jókòó, ẹ jókòó. Ìsàlẹ̀-Taba ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Ẹnjiníà, jọ̀ọ́, má jẹ́ n pẹ́. Ó ti rẹ̀ mí kí n tó kúrò nílé."

Ó ṣàlàyé ọ̀ràn náà fún un. Cornelius na ọwọ́ sórí pẹpẹ, ó gbé ọ̀kan dúdú tó ní ìwo mẹ́fà, bí ẹranko tó fẹ́ kanni.

"Èyí lọ̀pọ̀ èèyàn ń béèrè. Aláìní-wáyà ni."

"Ṣé yóò ta dé yàrá kejì?"

"Irú ògiri wo lẹ ní?"

"O mọ ilé wa. Alámọ̀. Ìgbọ̀nwọ́ kan."

Cornelius gbé e padà sórí pẹpẹ lójú ẹsẹ̀. "Ẹ má rà á. Ogun kì í ja ògiri bẹ́ẹ̀, kí ni ìwo fẹ́ ṣe? Ihò ẹyọ kan ló tún ní fún íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń bọ̀ láti ìta. Wáyà ni kẹ́ ẹ lò jálẹ̀. Wáyà kì í parọ́."

Ó gbé òmíràn jáde, irin ńlá tó tó pákó ìkàwé, tí wọ́n yọ nínú báńkì kan lókè òkun. Ó tan iná sí i. Fáànù inú rẹ̀ ké bí ẹ̀rọ ìlọta.

"Èyí lè gbé ọ̀ọ́dúnrún kọ̀ǹpútà," ló ní, ojú rẹ̀ ń dán.

"Mẹ́wàá lèmi ní."

"Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ rí i ni." Ó pa á. Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ojú ń tì. "Ẹ gbọ́ ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn. Ẹ ka wáyà tó ń wọlé. Ẹ ka kọ̀ǹpútà. Kẹ́ ẹ wo bí íńtánẹ́ẹ̀tì yín ṣe yára tó. Omi tó ń kán nínú ẹ̀rọ kò nílò páìpù tó tó ihò kànga. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá béèrè iná tó ń jẹ."

Lẹ́yìn èyí ló mú ẹ̀kẹta wá. Mùyìbátù wò ó, kò rí ohun kankan tó wú u lórí. Irin kékeré aláwọ̀ eérú ni, kò ní ìwo, kò ní fáànù, ihò márùn-ún ló ní níwájú. Ọ̀kan jẹ́ ti íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń bọ̀ láti ìta, ọ̀kan jẹ́ ti ọ́fíìsì, mẹ́ta àárín ń gba ìpè àgbà: ibi tó o bá ní kí wọ́n dojú kọ ni wọ́n ń dojú kọ. Nígbà tí Cornelius sì sọ pé fóòtì iná méjìlá péré ló ń lò, pé ó ṣeé so mọ́ bátìrì sólà tààrà, Mùyìbátù kò béèrè ohun mìíràn mọ́. Ó mọ iná Ṣakí.

"Èyí," ló ní.

"Ẹ kú ojú inú! Ó ku ohun kan. Nígbà tẹ́ ẹ bá tan án, yóò bi yín léèrè bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ kó pín iṣẹ́ láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní, kó máa pín gbogbo ìbéèrè tó bá jáde..."

Ó ń sọ ọ́ lọ. Ó ń fi ọwọ́ yà á lójú afẹ́fẹ́. Mùyìbátù ń mi orí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń gbọ́, etí rẹ̀ kò gbọ́. Nígbà tí Cornelius dákẹ́, ó ní, "Ó yé mi," nítorí pé bí ó bá ní kò yé òun, ọmọkùnrin náà á tún bẹ̀rẹ̀. Ó ṣe é, ó sì padà wá jẹ ìyà rẹ̀.

Ọjọ́rú, wọ́n ti ọ́fíìsì pa fún àárọ̀ kan. Débọ́lá mú àga, ó mú tọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ki Ìyálé bọ ihò kìíní, Ìyàwó bọ èkejì, Arẹwà bọ ẹ̀kẹta. Ihò tó gbẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún ni wáyà tó lọ bá kọ̀ǹpútà mẹ́wàá. Ìgbà tí iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tàn pa pọ̀, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ ewé, Débọ́lá pàtẹ́wọ́.

"Wọ́n jókòó sínú ilé kan láìjà! Ọlọ́run ọba ò."

Rọ́tà béèrè ìbéèrè rẹ̀ lórí ojú kọ̀ǹpútà. Ọ̀nà méjì, gẹ́gẹ́ bí Cornelius ti wí. Mùyìbátù wò wọ́n. Ó gbìyànjú láti rántí. Kò rántí.

"Èwo ni ká mú?"

"Èyí tí gbogbo wọn á jọ máa fà á ni," Débọ́lá sọ. "Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà."

Ta ni yóò jiyàn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ọmọ àgbẹ̀ ni Mùyìbátù. Ọ̀wẹ̀ ló mọ̀: bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù fún ẹnìkan, a ké sí ará, a ké sí ọ̀rẹ́, gbogbo wọn á bọ́ sí oko kan ṣoṣo, ilẹ̀ kò ní ṣú kí wọ́n tó ro ó tán. Ó tẹ èyí tó ní kí rọ́tà pín gbogbo ìbéèrè káàkiri àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bó ti ń bọ̀ ni kó máa pín in.

Débọ́lá ṣí pótàlì. Ó wọlé. Ó tẹ orúkọ, ó tẹ ọjọ́ ìbí, ó kan orúkọ ìlú. Ojú-ìwé náà funfun báláú. *Ẹ ti jáde. Ẹ tún wọlé.*

Ó tún wọlé. Ó tún jáde.

Wọ́n dán an wò lórí kọ̀ǹpútà kejì, ẹ̀kẹta, títí dé ìkẹwàá. Kò sí èyí tó dúró fún ìṣẹ́jú méjì. Iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń tàn o, kò sí èyí tó kú. Èyí burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tẹ́lẹ̀, ó kéré tán, wọ́n mọ ẹni tó ń bínú.

Mùyìbátù pe Cornelius. Ó ti lọ síṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta mábù ní Ìgbẹ́tì. Ohùn rẹ̀ ń já bí aṣọ gbígbó. "...Ìyá... pín... èyí tí mo ní kẹ́ ẹ má..." Ó parí síbẹ̀.

"Kí ló ní ká má ṣe?" Débọ́lá béèrè.

Mùyìbátù gbé fóònù sílẹ̀. "Ó sọ ọ́ fún mi lánàá, mi ò fetí sí i." Ó wo àpótí eérú náà. Omi kò tilẹ̀ sí lójú rẹ̀ tó lè fi sunkún. "Ti ilẹ̀kùn. Mo fẹ́ gbé oúnjẹ lọ fún bàbá."

Gbogbo Ọjọ́rú ló máa ń gbé oúnjẹ lọ fún bàbá rẹ̀ lóko, láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Bàbá Ládòkun ti lé ní ọgọ́rin ọdún ní ọdún kan, kò lè gbé ọkọ́ mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè ní kó má jókòó sábẹ́ igi ẹ̀mí rẹ̀, igi tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, kó máa wo àwọn alágbàṣe. Òjò àrọ̀kúrò ti rọ ilẹ̀ náà, àsìkò ebè iṣu sì ti dé. Ọkùnrin mẹ́ta ló ń kọ ebè lọ́jọ́ yẹn, olúkúlùkù lórí ìlà tirẹ̀.

"Àṣálámù àléékùm, bàbá."

"Àléékùm sàláàmù. Mùyìbátù, ìwọ lo fajú ro bí ẹni tí ewúrẹ́ jẹ ìwé rẹ̀ yìí?"

"Ó rẹ̀ mí ni, bàbá."

"Jókòó. Ilẹ̀ ò ní lé ọ."

Ó jókòó sórí gbòǹgbò, ó tú oúnjẹ. Ọ̀kan nínú àwọn alágbàṣe, Ọ̀ṣẹ́nì, sọ ọkọ́ sílẹ̀, ó wá mu omi nínú kẹ̀ǹgbẹ̀. Ìlà tirẹ̀ dúró ní àárín, ebè kan ṣì jẹ́ ààbọ̀. Àwọn méjì tó kù kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọn kò tilẹ̀ wò ó.

Mùyìbátù wò ó títí. "Bàbá, kí ló dé tí ẹni iwájú yẹn ò bá a parí ebè yẹn? Ó ṣe tán ó ń kọjá lọ."

Bàbá Ládòkun fi òkèlè dúró lójú ọ̀nà ẹnu. "Bá a parí ẹ̀ bí?"

"Àgbájọ ọwọ́."

"Ọwọ́ mélòó lo fi ń bu òkèlè kan?" Bàbá fọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kó wọlé, ó jẹun rẹ̀. "Ebè Ọ̀ṣẹ́nì ga. Ti èyí tó wà níwájú gbòòrò. Bí ọ̀kan bá bẹ̀rẹ̀ ebè, tí èkejì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹ̀kẹta tún dé, kí lo rò pé yóò jẹ́? Òjò kan á wó o. Tó bá sì wó, ta ni mo fẹ́ dì mú? Ọ̀wẹ̀ tó ò ń wí yẹn náà, a kì í kó gbogbo èèyàn sórí ebè kan. Olúkúlùkù ló ń gba ìlà. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìlà ni yóò parí ẹ̀."

"Tí àìsàn bá mú un ńkọ́?"

"A ó gbé ìlà rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Odindi. A kì í pín ebè sí mẹ́ta."

Ọ̀ṣẹ́nì, tó ń nu ẹnu, gbọ́ ọ. "Ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n bá fẹ́ bá mi kọ tèmi, mi ò ní kọ̀ o! Ẹ má dá bàbá lóhùn."

"Lọ bá ìlà ẹ, ọ̀lẹ," ni bàbá sọ.

Mùyìbátù kò rẹ́rìn-ín. Ó ti rí i. Pótàlì ni bàbá tó ń wo ebè. Ọmọ kan ṣoṣo ló ń forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ gba ọ̀dọ̀ Ìyálé wọlé, ọjọ́ ìbí rẹ̀ gba ọ̀dọ̀ Ìyàwó, ìlú rẹ̀ gba ojú ọ̀run wá. Lójú pótàlì, àjèjì mẹ́ta ló ń jà sórí fọ́ọ̀mù kan. Báwo ni kò ṣe ní lé wọn jáde? Ohun tó sì gbọ́dọ̀ yàn ni ọ̀nà kejì tó wà lójú kọ̀ǹpútà náà, èyí tí kò kà sí: kí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan gba ìlà tirẹ̀, kó má sì kúrò níbẹ̀ àfi bí ìlà náà bá kú.

Ó dìde. Orúnkún ké pó.

"O ò tíì jẹun," ni bàbá wí.

"N ó jẹ ẹ́ nílé."

"Irọ́ ni," ni bàbá sọ fún igi ẹ̀mí náà.

Kí wọ́n tó pe ìrun Alásárì, ó ti dé kọ̀rọ̀ náà. Ó pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́, ó tẹ èkejì. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin fún Ìyálé, mẹ́ta fún Ìyàwó, mẹ́ta fún Arẹwà. Débọ́lá ṣí pótàlì, ó tẹ orúkọ, ó tẹ ọjọ́ ìbí, ó tẹ ìlú, ó tẹ gbogbo rẹ̀ tán. Kò já. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó láàárín àga. Mùyìbátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ ló súnmọ́ jù.

Ọjọ́bọ̀ bọ́ sí ọjọ́ ọjà. Láàárọ̀, Mùyìbátù rò ó, ó sì kó àwọn mẹ́ta tó wà lọ́dọ̀ Ìyàwó kúrò, ó kó wọn fún Ìyálé. Ó jẹ́ kí Ìyàwó wà ní ìsinmi, bíi àpò àgbàdo tí èèyàn tọ́jú de ìyàn. Ní aago mẹ́wàá, alábẹ̀wò dé. Ọ̀gbẹ́ni Olúkúnlé lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin kúkúrú tó gbé fáìlì dání, tó sì fi fóònù rẹ̀ sórí tábìlì pẹ̀lú aago tó ń ka ìṣẹ́jú. Ó gbé àga síbi tó ti lè máa rí kọ̀rọ̀ àti yàrá kejì lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ mọ òfin, mà. Ọwọ́ ò gbọdọ̀ kan wáyà."

"A mọ̀ ọ́n, sà."

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Ogún kọjá. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wà lórí pótàlì. Débọ́lá dákẹ́, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Ìgbà tó di ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ojú ọjọ́ ṣú lójijì, òjò àrọ̀kúrò bọ́ sórí páànù bí ẹni da èkùrọ́. Ohùn òjò náà kún ilé. Iná Arẹwà ṣẹ́jú, ó pupa.

Kọ̀ǹpútà mẹ́ta dúró gangan.

Ọ̀gbẹ́ni Olúkúnlé gbé bírò sókè, ó wo aago. "Mẹ́ta ti já. Mo ti ń kà á."

Ẹsẹ̀ Mùyìbátù dìde.

Ẹ jẹ́ kó yé yín: Mùyìbátù kọ́ ló dìde. Ọdún mọ́kànlá ló dìde. Kó tó mọ̀, ó ti wọ ṣálúbàtà, ó ti gbé ìṣísẹ̀ kan, ojú rẹ̀ ti wà lára wáyà. Débọ́lá fi ọwọ́ bo ẹnu. Alábẹ̀wò yí ojú sí i, ó sì gbé bírò lé ìwé.

Mùyìbátù dúró láàárín ilé. Gbogbo wọn ń wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ ti na síwájú, kò mọ ibi tó lè gbé e sí. Ó bá gbé e lé ìdí. Ó tú ìró rẹ̀, ó nà án dáadáa, ó tún un ró, ó kì í, ó tún fà á wò bóyá ó le. Ó wá fi ẹ̀yìn rìn padà, ó jókòó, ó sì fi ìdí jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Òjò nìkan ló ń wí tirẹ̀. Ní kọ̀rọ̀ yẹn, àpótí eérú kékeré náà rí i pé Arẹwà ti kú, ó gbé odindi ìlà rẹ̀ fún Ìyálé. Kò pariwo. Kò ké pó.

"Ó wọlé," ni Débọ́lá sọ jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà: "Èkejì wọlé." Lẹ́yìn náà: "Ẹ̀kẹta."

Ọ̀gbẹ́ni Olúkúnlé wo aago. "Ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá ogójì." Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Fọ́ọ̀mù tó wà lórí àwọn mẹ́ta yẹn lọ, kò sí rọ́tà tó lè gba irú ìyẹn là, ṣùgbọ́n méje yòókù kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí wákàtí pé, ó fọwọ́ sí ìwé, ó ya ẹ̀dà kan fún Mùyìbátù. "Ẹ yege, mà." Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. "Ìró yẹn le dáadáa báyìí?"

"Ó le, sà."

"Ẹ má tún un ró mọ́ níwájú alábẹ̀wò. Ẹlòmíràn lè má ní sùúrù."

Bí ó ti lọ tán ni Débọ́lá fò mọ́ ọ lọ́rùn. "Ìró! Ìyá Muhydeen, ìró! Ẹ ti pa mí!" Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi ní láti jókòó. Mùyìbátù ní kó lọ ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tó ń dúró níta nínú òjò.

Lọ́sàn-án, nígbà tí òjò ti dá tí oòrùn sì ti padà, epo tán nídìí òpó. Mùyìbátù rí i láti orí àga rẹ̀ gba ojú ọ̀dẹ̀dẹ̀: iná Ìyálé pupa. Ó dúró kó gbọ́ ariwo Débọ́lá. Kò gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ yàrá kejì kùn díẹ̀, ẹnìkan ní òun ti jáde, ẹlòmíràn ní òun ti padà wọlé, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lọ.

Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wá ṣálúbàtà rí. Ó ti ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

Ó wo ẹsẹ̀ náà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bọ́ ṣálúbàtà, ó fà á sábẹ́ tábìlì, ó sì gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé àga kejì.